‘Burr’ Lẹ́nu Àwọn Agbẹ́gi

Ẹ jẹ́ kí á fi ojú inú wo ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí iṣẹ́ ọnà gbígbẹ́ wù dé ọkàn, ṣùgbọ́n tí kò rí ọ̀gá tí yóò jókòó tì, tí ó wá fi owó tí ó tù jọ díẹ̀díẹ̀ ra ìwé Gẹ̀ẹ́sì mẹ́ta tí àwọn agbẹ́gi òkè òkun kọ, kí ó lè ti ojú ìwé kọ́ ohun tí àwọn ọmọ ìdílé Fákẹ́yẹ ní Ìlá Ọ̀ràngún ń jókòó lẹ́sẹ̀ baba wọn kọ́. Ó ṣí ìwé kìn-ín-ní, ó bá a níbẹ̀ pé bí ènìyàn bá rí burr nínú igbó, kí ó yọ̀ bí ẹni tí ó rí owó he, nítorí pé ohun iyebíye ni. Ó ṣí ìkejì, ìyẹn ń kìlọ̀ fún un gidigidi pé burr kò gbọdọ̀ kù lẹ́nu irin iṣẹ́ rẹ̀ kí ó tó fi kan igi, nítorí pé yóò ba iṣẹ́ jẹ́. Ó ṣí ìkẹta, wọ́n ní kí ó lọ sí ọjà, kí ó ra burr olórí rogodo kan àti ẹlẹ́nu ṣóńṣó kan, kí ó kì wọ́n bọ ẹnu ẹ̀rọ, kí ó sì tan iná sí i. Bí ọmọ náà kò bá fara balẹ̀, yóò ní àwọn òǹkọ̀wé wọ̀nyí kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ, tàbí kí ó rò pé orí òun ni kò gba ẹ̀kọ́. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí èyí tí ó purọ́ nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Àwọn àgbà a máa wí pé gbẹ́nàgbẹ́nà ṣe tiẹ̀ tán, ó ku ti gbẹ́nugbẹ́nu. Ọ̀dọ̀ gbẹ́nugbẹ́nu ni tèmi wà, ọ̀rọ̀ ni igi tí mo ń gbẹ́, ìdí sì nìyí tí mo fi rò pé ó tọ́ kí ẹnì kan bá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tú ọ̀rọ̀ kékeré yìí palẹ̀. Èdè tiwa ti fi ohùn ran ara rẹ̀ lọ́wọ́: ẹni tí ó bá ní etí kò lè fi ọkọ́ tí a fi ń ro oko pe ọkọ̀ tí a ń wọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò lè fi ìkankan nínú wọn pe ọkọ tí ń gbé ìyàwó. Èdè Gẹ̀ẹ́sì kò ní ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ tí í máa ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí náà a máa di ẹrù púpọ̀ lé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lórí, a sì fi í sílẹ̀ fún olùgbọ́ láti mọ èyí tí à ń sọ̀ kalẹ̀.

Kí á tó wọ ilé iṣẹ́, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ gba ọ̀nà oko. Ẹni tí ó bá ti la inú koríko gbígbó kọjá rí, tí ó délé tí ó bá a pé eèmọ́ ti lẹ̀ mọ́ ṣòkòtò òun láti kókósẹ̀ dé orúnkún, ẹni náà mọ burr láìmọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n. Irú èso bẹ́ẹ̀, tí ó ní ìkọ́ wẹẹrẹ yí ara ká, tí í máa di irun ẹran mú tó bẹ́ẹ̀ tí a fi sọ ọ̀kan nínú wọn ní eèmọ́ àgbò, ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní burr láti ayébáyé, ọ̀rọ̀ náà sì bá borre, tí àwọn ará Sweden fi ń pe irú èso kan náà, tan. Láti ara èso yìí ni orúkọ náà ti ràn lọ sára ohun gbogbo tí ó bá ta jáde ní gbágungbàgun lára ohun tí ó yẹ kí ó tẹ́jú, tàbí tí ó bá ń fa ọwọ́ ẹni tí ó fọwọ́ kàn án. Ẹ fi èso náà sọ́kàn, nítorí pé òun ni ìyá tí ó bí àwọn yòókù, ojú rẹ̀ ni gbogbo wọn sì jọ.

Àrẹ̀mọ nínú àwọn ọmọ náà ni burr ara igi. Kò sí ẹni tí ó mọ igbó tí kò rí igi tí ó yọ gẹ̀gẹ̀ rí: igi yóò ga gbọọrọ, ara rẹ̀ yóò tẹ́jú, ṣùgbọ́n ní ojú kan, nígbà mìíràn lágbedeméjì, nígbà mìíràn nídìí níbi tí ó ti ń wọlẹ̀, ìwú ńlá kan yóò ta jáde bí iké ẹ̀yìn abuké. Lábẹ́ èèpo igi ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ojú wà tí ẹ̀ka ìbá ti gbà yọ, tí wọ́n sùn tí wọn kò jí. Ṣùgbọ́n bí igi bá gba ọgbẹ́, bí iná bá jó o, bí àrùn tàbí kòkòrò bá dà á láàmú, àwọn ojú wọ̀nyí lè jí lọ́pọ̀ yanturu ní ibì kan ṣoṣo, kí gbogbo wọn máa jìjàdù láti di ẹ̀ka, kí ó má sì sí èyí tí ó ráyè jáde. Igi yóò máa sanra yí wọn ká lọ́dọọdún, iṣan rẹ̀ tí ó yẹ kí ó tọ́ láti ilẹ̀ lọ sókè yóò lọ́, yóò pòòyì, yóò wọnú ara wọn bí irun tí ó ti di ìdìpọ̀. Ọjọ́ tí a bá fi ayùn la irú kókó bẹ́ẹ̀ ni a ó rí ohun tí ó ti ń pa mọ́ láti ọdún yìí wá: ojú kéékèèké bí ojú ẹyẹ, tí wọ́n fọ́n káàkiri, tí ìlà igi sì ń ṣàn yí wọn ká bí omi odò tí ó ń wá ọ̀nà láàárín òkúta. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i.

Níhìn-ín ni kí akẹ́kọ̀ọ́ wa ti kọ́kọ́ ṣọ́ra, nítorí pé àwọn ọmọ ìlú Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń pe kókó yìí ní burr. Àwọn ará Amẹ́ríkà fi ‘l’ parí rẹ̀, burl ni wọ́n ń wí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun kan náà ni wọ́n mú lọ́wọ́.

Ẹwà nìkan kọ́ ni a fi ń wá a. Igi tí iṣan rẹ̀ tọ́ rọrùn láti là: gbé àáké lé e lórí, lù ú, yóò pín sí méjì gẹ́lẹ́ bí obì. Burr kò ní ọ̀nà tí àáké lè tọ̀; ibi tí àáké bá rò pé òun ti rí àyè, iṣan mìíràn ti dábùú ibẹ̀. Èyí ni àwọn Sámi tí ń da àgbọ̀nrín ilẹ̀ òtútù ní òkè Norway, Sweden àti Finland rí, tí wọ́n fi ń gbẹ́ ife ìmumi wọn, tí àwọn ará Finland ń pè ní kuksa, láti inú burr igi birch, tí wọ́n sì máa ń bọ̀ ọ́ nínú omi iyọ̀ kí ó má bàa sán bí ó ti ń gbẹ. Irú ife bẹ́ẹ̀ tí ó já bọ́ lórí òkúta kì í tètè fọ́. Ọgbọ́n kan náà ni àwọn ọmọ onílẹ̀ apá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà ta, tí wọ́n fi gbẹ́ ọpọ́n oúnjẹ láti ara kókó igi maple, kí òyìnbó tó gúnlẹ̀ sí èbúté wọn.

Ní ilẹ̀ Mòrókò, ní ìlú Essaouira tí ó wà létí òkun, àwọn agbẹ́gi wà tí gbogbo òkìkí iṣẹ́ wọn dúró lórí burr igi kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè ní araar. Abẹ́ ilẹ̀ ni burr igi yìí ń gbé, ní ìdí gbòǹgbò, kì í ṣe ní gbangba, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ ní láti wa ilẹ̀ bí ẹni tí ń wa iṣu. Kì í ṣe òní ni ayé ti ń fẹ́ ẹ. Pliny, akọ̀wé ará Róòmù ìgbà àtijọ́, fi í sínú ìwé rẹ̀ pé Cicero, ọ̀jáfáfá elọ́rọ̀ nì, san 500,000 sesterce lórí tábìlì kan ṣoṣo tí a fi igi yìí ṣe, ó sì tún wí pé kókó tí ó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ wà lábẹ́ ilẹ̀ ni ó níyì jù. Ẹ wo bí àrùn igi ti di ohun tí àwọn ọlọ́lá ayé fi ń figagbága!

Ṣùgbọ́n ibi tí ọlá bá wà ni olè ń bá a dé. Ní etíkun California, àwọn igi redwood wà tí kò sí igi tí ó ga tó wọn lórí ilẹ̀ ayé, àwọn mìíràn nínú wọn sì ti lé ní 1,000 ọdún. Kókó ìdí wọn ni èéhù tuntun ti í rú nígbà tí igi ńlá bá ṣubú, bí ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti í rú nídìí ìyá rẹ̀. Àwọn olè ń gbé ayùn ẹ̀rọ wọ inú igbó yìí lóru, wọ́n ń gé kókó náà kúrò lára igi tí ó ṣì wà láàyè, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn alábòójútó igbó fi bẹ̀rẹ̀ sí ti ọ̀nà mọ́tò kan tí ó gba àárín wọn kọjá pa lálaalẹ́ ní 2014. Inú mi kì í dùn nígbà tí mo bá ro èyí. Agbẹ́gi tòótọ́ a máa dúró de igi tí ìjì dà tàbí tí a ti gé fún ìdí mìíràn. Ẹni tí ó ṣá igi alààyè lọ́gbẹ́ nítorí gẹ̀gẹ̀ ọrùn rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ẹni tí ó bẹ́ àgbà lórí nítorí fìlà.

Ẹnì kan lè bi mí pé, kí ló dé tí àwọn ọmọ Ògún tiwa kì í fi í wá kókó kiri? Ohun tí mo rò nípa rẹ̀ ni èyí. Nínú ère Yorùbá, ọwọ́ agbẹ́gi ni ń sọ̀rọ̀, igi ń gbọ́. Ẹni tí ó fẹ́ gbẹ́ ìyá tí ó kúnlẹ̀ pọ̀nmọ tàbí jagunjagun lórí ẹṣin láti inú gẹdú kan ṣoṣo, láìlẹ apá tàbí ẹsẹ̀ mọ́ ọn, igi tí iṣan rẹ̀ tọ́ ni yóò bá a dọ́gba. Kókó yóò máa dá irin rẹ̀ padà níbi tí kò yẹ. Ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ náà ni a sì ń kùn, tí àwọ̀ yóò bo ojú igi. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀-Èkìtì, ẹni tí ìlẹ̀kùn tí ó gbẹ́ fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ rìn dé ibi àfihàn ńlá Wembley ní London ní 1924, kò fi ìlà igi dárà; àwọn ọba, olorì àti àwọn tí ó ru ẹrù lórí ìlẹ̀kùn náà ta jáde kúrò lára pákó bí ẹni tí ó fẹ́ dìde rìn. Irú ọnà bẹ́ẹ̀ kò nílò kí igi náà tún máa dárà tirẹ̀ lábẹ́ rẹ̀.

Wàyí o, burr kejì, èyí tí ó ń dẹ́rù ba akẹ́kọ̀ọ́ nínú ìwé kejì. Ọ̀bẹ kì í mú títí kí ó gbẹ́ èkù ara rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó tó mú rárá, ohun kan wà tí a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí lẹ́nu rẹ̀. Bí agbẹ́gi bá ta omi tàbí òróró sí òkúta ìpọ́nrin, tí ó sì dẹ ẹnu ṣíṣẹ́lì rẹ̀ lé e ní ìdẹ̀gbẹ́ tí kò yí padà, tí ó ń tì í síwá sẹ́yìn, irin ẹnu náà yóò máa fẹ́lẹ́ sí i, yóò máa fẹ́lẹ́ sí i, títí ojú méjèèjì yóò fi pàdé. Nígbà náà ni èyí tí ó fẹ́lẹ́ jù lẹ́nu kò ní lè dúró mọ́, tí yóò tẹ̀ kọjá sí òdì kejì, tín-ín-rín ju òwú aláǹtakùn lọ. Ojú lè má rí i. Ṣùgbọ́n bí agbẹ́gi bá fi àtàǹpàkò fa ẹ̀yìn irin náà láti àárín jáde sí ẹnu (kì í ṣe kí ó fi ìka tọ ẹnu rẹ̀ gùn, nítorí pé ìyẹn yóò gé e), yóò rí i pé ohun kan ń fa awọ ìka òun bí eèmọ́ ti í fa aṣọ. Burr nìyẹn.

Ẹlẹ́rìí ni burr yìí. Bí kò bá tíì jáde láti igun kan ẹnu irin dé igun kejì, ìpọ́n kò tíì parí, ẹni tí ó bá dáwọ́ dúró níbẹ̀ kàn ń tan ara rẹ̀ jẹ ni. Ṣùgbọ́n gẹ́rẹ́ tí ó bá ti jẹ́rìí tán, ó gbọ́dọ̀ lọ. Wọn yóò yí irin sí òdì kejì lórí òkúta tí ó kúnná ju ti ìṣáájú lọ, wọn yóò fà á díẹ̀, wọn yóò tún yí i padà, lẹ́yìn èyí ni wọn yóò wá máa fà á lórí awọ tí a fi ẹbu ìdánrin pa, ẹ̀yìn ni wọ́n sì ń fà á sí, kì í ṣe iwájú, kí ẹnu má bàa gé awọ. Burr yóò tẹ̀ sọ́tùn-ún, yóò tẹ̀ sósì, yóò sì kán. Ẹni tí kò bá ṣe èyí, tí ó ń kánjú gbé ṣíṣẹ́lì lé igi, burr náà yóò kán sínú iṣẹ́ rẹ̀, yóò fi ẹnu irin sílẹ̀ ní kíkújú, tàbí kí ó máa fa ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ sójú ibi tí ó yẹ kí ó dán bí ojú omi. Àlejò tí a ń retí kí ó dé kí a lè sìn ín sọ́nà ni.

Irin kan wà tí àwọn oníṣẹ́ igi kì í lé burr kúrò lẹ́nu rẹ̀, òun sì ni ó mú mi fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yìí jùlọ. Irin pẹlẹbẹ ni, kò ní èkù, kò ní ẹnu ṣóńṣó, bí ènìyàn bá rí i nílẹ̀ yóò rò pé àlòkù páànù ni. Wọn yóò fi fáìlì rẹ́ etí rẹ̀ kí ó dọ́gba, wọn yóò wá fi ọ̀pá irin líle tẹ̀ ẹ́ kíkankíkan títí etí náà yóò fi yọ burr, tí yóò sì tẹ̀ bí ìkọ́ kékeré. Ìkọ́ yìí gan-an ni yóò máa há igi, tí yóò máa ṣí i ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà. Ibo ni a sì ti ń nílò rẹ̀ jù? Lórí burr igi ni! Nítorí pé iṣan kókó ń lọ síhìn-ín sọ́hùn-ún, irin mìíràn tí ó bá gba orí rẹ̀ kọjá lè fà á ya níbi tí iṣan ti kọjú sí i. Ṣùgbọ́n irin pẹlẹbẹ oníkọ̀ọ́ yìí lè há a láìka ibi tí iṣan kọjú sí sí. Burr ni wọ́n fi ń dán burr, bí àwọn baba wa ti í fi ewé ìpín, tí ara rẹ̀ le bí ahọ́n ológbò, dán ère títí yóò fi máa kọ mọ̀nà.

Àwọn tí ń fín ìlà sára bàbà náà ní tiwọn. Nígbà tí ẹnì kan bá fi abẹ́rẹ́ líle fa ìlà lójú pátákó bàbà, irin náà kì í jáde bí ẹ̀há igi. A máa wú sókè lẹ́bàá ìlà bí ebè lẹ́bàá poro. Ebè yìí ni burr. Bí a bá wá fi yíǹkì pa pátákó náà tí a sì nù ún, yíǹkì yóò sá pamọ́ sábẹ́ burr, ìlà tí a bá sì tẹ̀ sórí bébà yóò dúdú, yóò rọ̀ bí àrán. Ẹni tí ń fi irin olójú igun wa ìlà sójú bàbà kì í fẹ́ ẹ, a máa há a kúrò kí ìlà rẹ̀ lè mọ́ gaara. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń fi abẹ́rẹ́ yàwòrán ń kẹ́ ẹ bí ẹyin, nítorí pé bí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bá ti ń tẹ̀ ẹ́ ni ó ń pẹlẹbẹ, tí ó fi jẹ́ pé ìwọ̀nba bébà àkọ́kọ́ ni ó ń jẹ adùn rẹ̀. Albrecht Dürer ti Jámánì dán ọ̀nà abẹ́rẹ́ yìí wò ní 1512. Rembrandt ará Holland gbé e dé òkè téńté ní 1653 nínú àwòrán Agbélébùú Mẹ́ta, nígbà tí pátákó náà sì gbó, ó há púpọ̀ nínú rẹ̀ nù, ó tún un yà, ó sì sọ ọ́ di àwòrán mìíràn tí òkùnkùn rẹ̀ ju ti ìṣáájú lọ.

Ti ìkẹyìn kò gùn. Burr tí a ń rà lọ́jà jẹ́ irin tẹ́ẹ́rẹ́ bí abẹ́rẹ́ ìgúnpá, tí orí rẹ̀ ní eyín yí ká. Ẹni tí ó bá wò ó yóò mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé ojú eèmọ́ ni ó jọ. Ọ̀dọ̀ àwọn oníṣègùn eyín ni àwọn agbẹ́gi ti yá a. Ní 1871 ni James Morrison ará Amẹ́ríkà gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ tí ń yí i, tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ bí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ní 1875 George Green gba tirẹ̀ lórí èyí tí ń lo iná mànàmáná. Lónìí, àwọn tí ń gbẹ́ ẹyẹ onígi ń fi í la ìyẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn tí ń fín ẹyin ògòǹgò ń lo irú èyí tí afẹ́fẹ́ ń yí. Òmíràn jẹ́ irin lásán, òmíràn ni a lẹ ẹbu dáyámọ́ńdì mọ́. Àwọn oníṣègùn a máa fi ‘r’ kan sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń kọ ọ́, èyí kò sì gbọdọ̀ da akẹ́kọ̀ọ́ rú. Ohun tí ó yẹ kí ó bẹ̀rù ni ẹbu igi tí ń fò sókè lára rẹ̀, nítorí pé ó kúnná tó láti wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Aṣọ ìbomú ṣe pàtàkì.

Ẹ jẹ́ kí á padà sọ́dọ̀ ọmọ wa àti ìwé rẹ̀ mẹ́ta. Kí ó má ṣe wo ojú burr, ọ̀rọ̀ ìṣe tí ó bá a rìn ni kí ó wò. Bí wọ́n bá ní kí a gé e, kí a fi í pamọ́ kí ó gbẹ, kí a gbẹ́ inú rẹ̀, ara igi ni wọ́n wà; bí wọ́n bá ní kí a yọ ọ́ jáde, kí a wá a ní ẹ̀yìn irin, kí a fà á nù lórí awọ, ẹnu irin ni; bí wọ́n bá ní kí a ṣọ́ ọ kí ó má pẹlẹbẹ, bàbà ni; bí wọ́n bá sì ní kí a kì í bọ ẹ̀rọ, ó ti mọ̀ ọ́n. Ó lè ṣẹlẹ̀ pé ní ọjọ́ kan ṣoṣo ni yóò bá mẹ́ta nínú wọn pàdé: yóò gbé kókó igi sílẹ̀ níwájú rẹ̀, yóò pọ́n ṣíṣẹ́lì rẹ̀ títí burr yóò fi jáde, yóò fà á nù lórí awọ, yóò gbẹ́ inú kókó náà jìn dé ibi tí ọwọ́ ṣíṣẹ́lì mọ, yóò wá fi burr olórí rogodo wọ kọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ tí ṣíṣẹ́lì kò lè dé, títí yóò fi gbé ife náà sókè sójú oòrùn, tí àwọn ojú wẹẹrẹ tí kò ráyè di ẹ̀ka yóò sì máa wò ó padà láti inú rẹ̀.